Asọ̀rọ̀mágbèsì Tún Wọlé Dé

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù wọ inú ilé ní Èkó. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń ṣe àkóso ìwé fífiránṣẹ́ àti tẹlifóònù ni ó fa wáyà náà. Ẹni tí ó bá lè san owó oṣooṣù, wọn a gbé àpótí kan wá sílé fún un, àpótí náà a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Onílé kò ní ibùdó méjì tí yóò yàn nínú wọn. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ohùn náà lọ sókè tàbí kí ó mú un wálẹ̀ lọ. Àwọn baba wa tẹ́tí sí àpótí yìí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lónìí, bí àwọn ọmọ wa bá gbọ́ orúkọ náà, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Wọ́n rò pé àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ni ẹ̀rọ yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ yóò mọ̀ pé ìdájọ́ ni orúkọ náà. Wọn kò yìn ín ní olóhùn iyọ̀, wọn kò sì pè é ní akéde. Àbùkù ara rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì.

Láàárín Yorùbá, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, bí kò bá jẹ́ wèrè, a jẹ́ pé ọba tí ó ti ń ya ìkà ni. Kí a tó pàlọ́ fún ọmọdé, apàlọ́ a ní “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ a sì dáhùn pé “Ààlọ̀!” Bí wọn kò bá dáhùn, ìtàn kò ní gbéra nílẹ̀. Ẹni tí ń lé orin ń retí ẹni tí yóò gbè é. Babaláwo tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀ kò ní dá a sun láìsí ẹlẹ́gbè. Ẹni tí a bá kí lẹ́nu iṣẹ́, lórí ìjókòó tàbí lọ́jà, èsì tirẹ̀ wà ní sẹpẹ́ fún un, bí kò bá sì fọ̀ ọ́, a óò máa wò ó pé ta ni ó bí i nínú. Ní ti ẹjọ́, òwe wa kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì lè fi ojú ènìyàn rí hàn gbangba ní 1953. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Nígbà tí àwọn aṣojú Àríwá fẹ́ gbé àbá náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fi ìbínú jáde. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì di ẹ̀bi ru wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọ́n kọ̀. Ilé tí ó ti gbọ́ ohùn Gómìnà kò lè gbọ́ èsì láti ẹnu ẹ̀rọ tí ó ti gbọ́ ẹ̀sùn. Ìwọ̀sí yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbàgbé: nígbà tí ọwọ́ àwọn olóṣèlú tiwa tẹ ẹ̀rọ náà, àwọn pẹ̀lú kò jẹ́ kí alátakò wọn fèsì. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ní oṣù Kẹwàá 1965, ìbọn ni wọ́n gbé wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn kí wọ́n tó lè fi téèpù mìíràn rọ́pò ti olórí ìjọba. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.)

Ònkàwé lè máa wò mí pé kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ okùn tí ó yẹ kí ènìyàn fà wọ ilé rẹ̀ kí ó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń pè ní ayélujára. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Peckham tàbí ní Houston kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìwé ìpolówó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ kan ní kí ó gba ayélujára láti orí wáyà tẹlifóònù, òmíràn ní láti orí okùn kébù tí ń gbé amóhùnmáwòrán. Ní báyìí, àwọn kan ti ń mú okùn dígí tí a ń pè ní fáíbà wá. Yóò pe ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, yóò bi í ní ìbéèrè méjì: èló ni lóṣù, báwo ni ó sì ṣe yára tó? Iyára tí ó ń wí ni èyí tí fíìmù yóò fi wọlé wá bá a lórí àga. Nọ́ńbà gàdàgbà kan wà lára ìwé ìpolówó náà tí ó dáhùn ìbéèrè yẹn. Nọ́ńbà kejì, èyí tí ń sọ bí ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ yóò ṣe yára tó, nígbà púpọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ wínníwínní bí eèrà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Nítorí nọ́ńbà kejì yìí ni mo ṣe mú kálàmù.

Wáyà tẹlifóònù ni kí a kọ́kọ́ wò. Láti ìgbà tí Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1876, ohun tí tẹlifóònù wà fún ni kí ènìyàn méjì jọ sọ̀rọ̀. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a lọ́ mọ́ra ni wáyà rẹ̀; ohùn tí ń lọ àti ohùn tí ń bọ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà nínú rẹ̀. N kò tíì rí tẹlifóònù tí etí rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Kébù kò rí bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀. Ní nǹkan bí 1948, ní àwọn ìlú kan tí òkè yí ká ní Pennsylvania, àti ní Oregon àti Arkansas, àwòrán amóhùnmáwòrán kì í dé ilé àwọn ènìyàn dáadáa. Àwọn kan ri òpó gíga mọ́ ibi tí ó ga, wọ́n fi gba àwòrán náà, wọ́n sì fi okùn pín in sí ilé àwọn aládùúgbò. Iṣẹ́ okùn náà ni kí ó máa gbé nǹkan wálé fún ẹni tí ó jókòó. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ẹni tí ó jókòó yẹn ní ohun tí yóò sọ. Ìbátan àpótí ọdún 1935 ni kébù. Àwòrán ni ó fi jù ú lọ.

Nígbà tí ayélujára dé, okùn méjèèjì ni wọ́n sọ di ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ì bá retí pé kí kébù kọ́ ìwà tẹlifóònù. Ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀: tẹlifóònù ló kọ́ ìwà kébù. Módẹ́ẹ̀mù àtijọ́, èyí tí a máa ń gbọ́ tí ń ké bí ẹyẹ tí pańpẹ́ mú kí ó tó wọlé, lọ́ra púpọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn dọ́gba. Èyí tí ó gbòde ní 1996 ń gbé kilobit 33.6 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gbé 33.6 jáde. Ní 1998, wọ́n gbé ìlànà V.90 jáde: 56 ń wọlé, 33.6 ń jáde. Ìwọ̀n ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. (Ilé iṣẹ́ AOL kò dáwọ́ irú ayélujára orí tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀mí rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀.)

Lẹ́yìn náà ni ADSL dé. Lẹ́tà A tí ó ṣíwájú orúkọ rẹ̀ dúró fún àìdọ́gba. Wọn kò tilẹ̀ fi ohun tí ó jẹ́ pa mọ́ fún wa. Ohùn ènìyàn lórí tẹlifóònù kò gbà ju ìsàlẹ̀ wáyà lọ, kò kọjá kilohertz 4. ADSL gba òkè tí ó ṣófo, ìdí sì nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù kí ó tún máa lo ayélujára lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín òkè náà ni kí a wò: wọ́n fi gbọ̀ngàn fún ohun tí ń wọlé, wọ́n fi yàrá kótópó fún ohun tí ń jáde. ADSL2+, tí ó lágbára jù nínú wọn, lè gbé megabit 24 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ ibùdó tẹlifóònù. Ohun tí ń jáde níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 1 lọ. Bí ilé bá sì ṣe ń jìnnà sí ibùdó ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní kìlómítà márùn-ún sí i lè má rí ohun tí ó ní láárí gbà.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Joseph Lechleider, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bellcore ní Amẹ́ríkà, wà nídìí àbá àìdọ́gba yìí, ó sì ní ìdí. Wáyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé máa ń para pọ̀ sínú ìdì kan bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibùdó. Ohun tí ó ti ilé wá ti rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, nígbà tí ohun tí ń ti ibùdó jáde ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra pẹ̀lú agbára. Alágbára a sì bo aláìlágbára mọ́lẹ̀. Bí a bá dín àyè ìjáde kù, tí a sì yà á sọ́tọ̀, ariwo náà a rọlẹ̀, ìwọlé a sì lè yára. Ìdí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí kò kan ẹ̀rọ rárá: ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń lé nígbà náà ni bí wọn yóò ṣe máa ta fíìmù sínú ilé, kí wọ́n lè bá kébù du ọjà. Oníbàárà tí yóò fẹ́ fi fíìmù tirẹ̀ ránṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò wọn.

Kébù kò ní láti kọ́ ìwà yìí níbi kankan, àbímọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjáde kò ní ju àyè tí ó wà láàárín megahertz 5 sí 42 lọ. Láti 54 títí kọjá 800, ìwọlé ló ni ín. Àwọn aládùúgbò ló sì jọ ń lo okùn kan, bí agbo ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo: bí ilẹ̀ bá ṣú tí oníkálukú ti ibi iṣẹ́ dé, omi a dín. Ti ìjáde tilẹ̀ burú jù, nítorí pé gbogbo ariwo iná tí ó bá jò wọ okùn láti ilé kọ̀ọ̀kan, ojú ọ̀nà tóóró yẹn ni ó ń ṣàn gbà lọ sí ibùdó. Àyè tí ó kéré jù ni wọ́n fún ìjáde, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí a sọ pé obìnrin kan wà ní Peckham tí ìyá rẹ̀ wá kí láti Òṣogbo. Màmá jókòó, ó ki oríkì ìdílé wọn fún wákàtí kan gbáko, ọmọ sì gba àwòrán àti ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bí ó bá mọ́ dáadáa, lè tó gigabyte 6, èyí tí í ṣe megabit 48,000. Lórí ADSL2+ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹlòmíràn bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin yìí, yóò wọlé tán láàárín ìṣẹ́jú 33 àti díẹ̀. Bí òun bá fẹ́ fi ti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀, wákàtí 13 àti ogún ìṣẹ́jú ni. Okùn kan náà ni o, owó kan náà ni ó sì ń san lóṣù. Kò sí òfin kankan nílùú ọba tí ó ní kí Yorùbá má sọ ti ẹnu rẹ̀. Wáyà ara ògiri ló ń sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́ ọ nítorí pé kì í fọhùn. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin yìí kò ní fi oríkì náà ránṣẹ́. Yóò gé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá nínú rẹ̀, ibi tí Màmá ti rẹ́rìn-ín, yóò fi ìyẹn ránṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò wo fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, èyí tí yóò sáré wọlé bí ẹṣin.

Kí a tún wo olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní alaalẹ́ láti Houston. Ó ń rí ojú àwọn ọmọ kedere. Àwọn ọmọ ń rí tirẹ̀ tí ó dì bí ère, ohùn rẹ̀ sì ń já. Ẹni tí ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lè fara da irú èyí díẹ̀. Yorùbá kò gbà á. Bí ohùn olùkọ́ bá ń já, báwo ni ọmọ tí a bí sí Texas yóò ṣe mọ igbá yàtọ̀ sí igba, tàbí ìgbá yàtọ̀ sí ìgbà? Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé ọmọ wọn kò ní etí fún èdè. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo okùn tí ó wọ ilé olùkọ́.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn (ó sì dára bí wọ́n bá dá mi lóhùn, nítorí ìwé pẹ̀lú lè di asọ̀rọ̀mágbèsì) pé ohun tí oníbàárà ń lò ni ilé iṣẹ́ fún un, pé bí a bá wọ̀n ọ́n, ohun tí ń wọ ilé ènìyàn pọ̀ fíìfíì ju ohun tí ń jáde níbẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá di ènìyàn lẹ́nu fún ogún ọdún, kí ni a óò wọ̀n tí a óò fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀? Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, baba ń ṣe ìpàdé ní yàrá, ìyá ń ṣe tirẹ̀ ní ilé ìdáná, ọmọ méjì ń kàwé ní pálọ̀, gbogbo wọn sì ní láti fi ojú àti ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé ló mọ̀ ní ọdún náà pé ọ̀nà tí ó jáde nílé àwọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ FCC ti fi lélẹ̀ ní 2015 pé ayélujára tí ó bá fẹ́ jẹ́ ayélujára gidi nílé, kí ìwọlé rẹ̀ tó megabit 25, kí ìjáde rẹ̀ sì tó 3. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n sọ ọ́ di 100 àti 20. Wọ́n tún un ṣe, mo kí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì jẹ́ ìdá márùn-ún etí.

Ìdí tí Lechleider ní kò sí mọ́ lórí fáíbà. Ìmọ́lẹ̀ ni ń gba inú dígí kọjá. Ti ilé kan kì í pariwo mọ́ ti ìkejì bí ti wáyà bàbà. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lè fún ènìyàn ní ìjáde tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwọlé, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní Britain, ọ̀pọ̀ tí ń ta fáíbà sílé ṣì ń dín ìjáde kù gẹ́gẹ́ bí ẹni pé bàbà ni wọ́n ń tà. Mo fura pé wọ́n fẹ́ fi èyí tí ó dọ́gba pamọ́ kí wọ́n lè tà á fún oníṣòwò ní owó gọbọi. Àbùkù tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ti di ọjà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ń yan okùn lókè òkun kò gùn. Kí ó béèrè nọ́ńbà kejì kí ó tó béèrè èkíní. Bí fáíbà tí ó dọ́gba bá kọjá ní àdúgbò rẹ̀, kí ó mú un, kódà bí nọ́ńbà gàdàgbà ti kébù bá ju tirẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kébù àti wáyà tẹlifóònù nìkan ló wà, ìjáde kébù sábà máa ń pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí ó bi aládùúgbò bí ó ṣe ń rí ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ní ti wáyà bàbà, ó ti ń kógbá sílé: ní Britain, láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọn kò ti ta tẹlifóònù orí rẹ̀ fún oníbàárà tuntun mọ́, wọ́n sì ti fi ìparí oṣù Kìíní 2027 ṣe gbèdéke rẹ̀. Kí oníbàárà sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ń dín ìjáde kù. Ìwé kan kò ní mì wọ́n; ẹgbẹ̀rún ìwé lè mì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ní Nàìjíríà ló dùn mí jù. Nígbà tí GSM dé ní 2001, gbogbo tẹlifóònù onívwáyà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, fún ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Okùn kébù kò sì wọ ilé wa rí bí ó ti wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run ni àwòrán olówó ń gbà wọlé, láti inú àwo orí òrùlé. Nítorí náà, ẹjọ́ wáyà tẹlifóònù àti kébù kò dé iwájú wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti sọ èyí di ohun ìyangàn. Wọ́n ní a fò ó, pé ibi tí àwọn òyìnbó fi ọgọ́rùn-ún ọdún rìn dé, ẹsẹ̀ kan la fi débẹ̀. Ó dára, a fò ó. Ibo wá ni ẹsẹ̀ wa balẹ̀ sí? Orí dátà tí a ń rà ní ẹ̀kún ṣíbí ni. Lórí dátà yẹn, ohun tí ó wọlé ni wọ́n ń kà, ohun tí ó jáde ni wọ́n sì ń kà pẹ̀lú. Ará Peckham tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, àkókò rẹ̀ ni ìjáde ń gbà; ará Ìbàdàn ń fi àkókò san, ó tún ń fi náírà san. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fi owó kún iye tí wọ́n ń tà títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ènìyàn ló pariwo nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ wò. N kò gbọ́ ariwo ẹnìkan nítorí ohun tí ó fẹ́ sọ.

Àṣà ń gba ibẹ̀ yí padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti kọ́ bí a ṣe ń gé ohun gbogbo kúrú: ìjálá ìṣẹ́jú kan, ìgbéyàwó ìṣẹ́jú méjì, ìtàn ìlú tí kò kọjá ibi tí àgbà ti ń wẹ ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn kan ń bá wọn wí pé wọn kò ní sùúrù. Èmi rò pé ẹni tí ń fi owó ra gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ní ṣàì di aláìlọ́rọ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ nǹkan ṣì wà, wọ́n ń fún ọmọ láyè láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Fáìlì náà a wà nínú fóònù títí àyè yóò fi kún, ọmọ a sì pa á rẹ́ kí ó lè rí ibi gba àwòrán mìíràn sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òkun ló jìn. Láti 1886 ni okùn tẹligíráàmù abẹ́ òkun ti so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti 2010 ni MainOne ti gúnlẹ̀ sí Èkó, òmíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ọ̀nà láti etíkun dé ẹnu ọ̀nà ilé ni kò sí, ìdí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún. Kí ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ ri fáíbà, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí ó san owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò sí náírà 145, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan fi àdéhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń gba ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ní 2020, ìjọba Èkìtì, tí kò lówó tó ti Èkó, gé tirẹ̀ láti 4,500 sí 145. Bí Èkìtì bá lè ṣe é, kí ni àwọn yòókù ń wá? Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àṣà, wọ́n ń náwó lórí aṣọ àti àgọ́, wọ́n sì tún ń gba owó bodè lọ́wọ́ okùn tí ì bá gbé àṣà náà jáde. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a tún ri fáíbà tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 90,000 sí ilẹ̀ yìí. Kí ẹni tí ó bá ní aṣòfin tí ó mọ̀ bi í pé mélòó nínú rẹ̀ ni yóò kúrò lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí yóò wọ àdúgbò, àti pé ìjáde rẹ̀ yóò ha dọ́gba pẹ̀lú ìwọlé bí? Ibi tí fáíbà ti wọ ilé ènìyàn báyìí ní Èkó, ibi tí owó wà ni ó kọ́kọ́ bá lọ. Ti Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní 2023, kò bèèrè owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ náà tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹni tí ó sì lè ra àwo rẹ̀ kò pọ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2022, okùn abẹ́ òkun tí Google ṣe láti Portugal lọ sí Gúúsù Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Èkó. Equiano ni wọ́n sọ ọ́. Olaudah Equiano ni ọkùnrin tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí ó tẹ ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1789, tí ó sì ń gbé ìwé náà kiri ìlú àwọn òyìnbó láti tà á. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ẹrú ti ń kọ̀wé nípa irú rẹ̀. Èsì ni ìwé tirẹ̀. Okùn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní etíkun Èkó lónìí. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó gba ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ṣì ń dúró kí aago méjìlá òru lù, ìgbà tí dátà alẹ́ ń dínwó, kí ó tó fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú rẹ̀.